Ṣé òkú ni ọkùnrin tí kò wọ bàtà nínú fọ́tò yìí? Ìtàn tó wà lẹ́yìn páálí àwo orin Abbey Road

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí fọ́tò yìí rí, bí ẹ ò tilẹ̀ mọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin ń sọdá títì lórí ìlà funfun, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tó ṣíwájú wọ funfun látòkè délẹ̀. Ẹni tó tẹ̀lé e wọ dúdú. Ẹnìkẹta wọ kóòtù, ó mú sìgá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó kẹ́yìn wọ jíǹsì. Lórí Facebook, TikTok àti X, wọ́n ti fi orí oríṣiríṣi ènìyàn rọ́pò ti àwọn mẹ́rin yìí láti fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Àwọn kan sì wà tí kì í fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá.

Ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì The Beatles, láti ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wà nínú fọ́tò náà. Òun ni wọ́n fi ṣe iwájú páálí àwo orin wọn tó ń jẹ́ Abbey Road, èyí tó jáde ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1969. Láti ọdún náà ni àwọn kan ti ń sọ pé fọ́tò ìsìnkú ni. Wọ́n ní Paul McCartney, ẹni tí kò wọ bàtà yẹn, ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lọ́dún 1966. Wọ́n ní ẹlòmíì tó jọ ọ́ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, àti pé àwọn mẹ́ta tó kù ń fi àmì ta aráyé lólobó. John Lennon tó wọ funfun ni oníwàásù. Ringo Starr tó wọ dúdú ni asìnkú. George Harrison tó wọ jíǹsì ló máa gbẹ́ sàréè. Paul ni òkú, torí pé òkú kì í wọ bàtà. Wọ́n tún ní ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò bá ti àwọn yòókù dọ́gba. Ẹ wo ọwọ́ tó fi mú sìgá. Ẹ wo nọ́ḿbà ọkọ̀ tó wà létí títì.

Irọ́ ni. McCartney, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹfà, ọdún 1942, wà lórí ìtàgé níbi àjọ̀dún orin Glastonbury ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó pé ẹni 80 ọdún. Ṣùgbọ́n irọ́ tó ti lò ju 50 ọdún lọ láyé, kò yẹ ká kàn lẹ "irọ́" mọ́ ọn lórí ká sì kọjá lọ. Bí wọ́n ṣe ya fọ́tò náà ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fọ́tò mẹ́fà

Kì í ṣe Abbey Road ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ pe àwo náà. Everest ni orúkọ tí wọ́n ní lọ́kàn, orúkọ sìgá tí Geoff Emerick, ẹnjiníà tó ń bá wọn gba orin sílẹ̀, máa ń mu. Ọ̀rọ̀ wá di pé bóyá kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí ẹsẹ̀ òkè Everest láti lọ ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó lágbára rẹ̀. Nígbà yẹn, àárín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò fi bẹ́ẹ̀ gún mọ́, ta ló fẹ́ bá ara wọn rìnrìn àjò dé Himalaya nítorí páálí àwo? Wọ́n ní kí wọ́n kúkú jáde síwájú sítúdíò, kí wọ́n yà á lójú títì, kí wọ́n sì fi orúkọ títì náà pe àwo wọn. Paul ló ya bó ṣe fẹ́ kó rí sórí ìwé: ènìyàn mẹ́rin bíńtín lórí sẹ́bírà.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 8, oṣù Kẹjọ, ọdún 1969, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ààbọ̀ òwúrọ̀, wọ́n jáde. Iain Macmillan, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Lennon àti Yoko Ono, ni onífọ́tò wọn. Ó gbé àkàbà sáàárín títì, ó sì gùn ún. Ọlọ́pàá kan bá wọn dá ọkọ̀ dúró. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n tún lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ni Macmillan tẹ kámẹ́rà Hasselblad tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkarùn-ún ni Paul mú nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, torí pé inú rẹ̀ ni ẹsẹ̀ gbogbo wọn ti là dáadáa bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí mẹ́fà yẹn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ wà. Ẹyọ kan ni páálí àwo fi hàn wá. Àwọn márùn-ún yòókù ti jáde síta tipẹ́, wọ́n ti tẹ̀ wọ́n sínú ìwé, wọ́n sì ti tà wọ́n ní gbàǹjo. Nínú méjì àkọ́kọ́, sálúbàtà wà lẹ́sẹ̀ Paul. Láti ìkẹta lọ ló ti bọ́ ọ sílẹ̀. Ooru mú lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bi í. Bó bá jẹ́ pé àmì ikú ni ẹsẹ̀ lásán, tí wọ́n sì ti pète rẹ̀ sílẹ̀, kí ló dé tí Paul fi wọ bàtà rìn lẹ́ẹ̀mejì kó tó rántí pé òkú lòun?

Aṣọ wọn ńkọ́? Tommy Nutter, télọ̀ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Savile Row ní London, ló rán kóòtù tí Lennon, Ringo àti Paul wọ. Aṣọ ìgbàlódé ni, kì í ṣe aṣọ iṣẹ́ oníwàásù tàbí ti asìnkú. Funfun tí Lennon wọ kò sì jẹ́ tuntun: funfun náà ló wọ lọ́jọ́ tó fẹ́ Yoko Ono ní Gibraltar, ní oṣù Kẹta ọdún 1969 yẹn kan náà. Ti sìgá ni pé ọlọ́wọ́ òsì ni Paul, ọwọ́ ọ̀tún ló sì fi mú un. Ẹ wo ọlọ́wọ́ òsì tó bá wà nílé yín fún wákàtí kan péré, kí ẹ ka iye ìgbà tó máa fi ọwọ́ ọ̀tún mú nǹkan.

Nọ́ḿbà ọkọ̀ ló dùn mọ́ mi jù, torí pé òun nìkan ló jọ ẹ̀rí gidi. Volkswagen funfun kan, irú èyí tí àwa ń pè ní ìjàpá, wà létí títì lápá òsì fọ́tò. Aládùúgbò kan ló ni ín. Nọ́ḿbà rẹ̀ ni LMW 281F. Àwọn tó ń wá àmì kà á sí "28 IF", ìyẹn ni pé Paul ì bá ti pé ẹni 28 ọdún bí kò bá kú. Ìṣirò yẹn ò pé, ẹni 27 ọdún ni Paul nígbà tí àwo náà jáde. Kì í sì í ṣe lẹ́tà I ló wà níbẹ̀, ení ni. Lẹ́tà F tó kẹ́yìn sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nọ́ḿbà ọkọ̀ ló ń sọ àsìkò tí wọ́n forúkọ ọkọ̀ náà sílẹ̀. F jẹ́ ti àwọn ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ láàárín oṣù Kẹjọ ọdún 1967 sí oṣù Keje ọdún 1968. Àìmọye ọkọ̀ ló ní F lẹ́yìn nọ́ḿbà wọn ní London. Bí wọ́n bá ti ra ìjàpá yẹn ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, G ni ì bá wà níbẹ̀, àmì náà ì bá sì ti parẹ́.

Ọkọ̀ náà kò sinmi mọ́ lẹ́yìn tí àwo jáde. Léraléra ni àwọn èèyàn ń jí pátákó nọ́ḿbà rẹ̀. Lọ́dún 1986, wọ́n tà á ní gbàǹjo ní £2,530, ó sì padà di ohun tí wọ́n ń fi hàn àwọn àlejò ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Volkswagen ní Wolfsburg, ní orílẹ̀-èdè Jámánì.

Ẹ̀yìn páálí náà tún ní ìtàn kékeré kan. Macmillan ń ya ògiri tí wọ́n kọ orúkọ títì náà sí, ni obìnrin kan tó wọ aṣọ búlúù bá gba iwájú kámẹ́rà kọjá. Inú kọ́kọ́ bí i. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wo gbogbo fọ́tò, èyí tí obìnrin yẹn bàjẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn jù, òun ni wọ́n sì lò. Irú iṣẹ́ báyìí ni wọ́n ń pè ní ètò ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fara balẹ̀ gbé kalẹ̀.

Àhesọ ló ṣáájú fọ́tò

Ohun tí ọ̀pọ̀ tó ń pín fọ́tò yìí kò mọ̀ nìyí: àhesọ náà ti wà nílẹ̀ kí páálí àwo tó dé ọjà. Ní oṣù Kejì ọdún 1967, ìwé ìròyìn àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà, The Beatles Book, ti ní láti já irọ́ pé Paul kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní òpópónà M1. Ìyẹn rọlẹ̀. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1969, ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Drake ní ìpínlẹ̀ Iowa, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbé e jáde pé àwọn kan ní Paul ti kú. Ẹ wo déètì yẹn dáadáa. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí àwo Abbey Road jáde ní London. Fọ́tò kò bí àhesọ. Àhesọ ló ń wá fọ́tò kiri, ó sì rí i.

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá, ẹnìkan pe sórí ètò sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Russ Gibb ní iléeṣẹ́ rédíò WKNR-FM ní Detroit, ó ní kó yí orin ẹgbẹ́ náà kan sẹ́yìn, kó gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ikú Paul nínú rẹ̀. Fred LaBour, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Michigan, wà lára àwọn tó gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún un pé kó kọ àgbéyẹ̀wò àwo Abbey Road fún ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, The Michigan Daily. Dípò àgbéyẹ̀wò, ó jókòó, ó sì hun ìtàn ikú Paul láti orí dé ìdí. Ohun tí kò sí, ó dá a sílẹ̀. Òun ló fún ẹni tí wọ́n ní ó rọ́pò Paul lórúkọ, William Campbell. Òun ló kọ ọ́ pé "walrus" túmọ̀ sí òkú ní èdè Gíríìkì, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ni ìwé náà jáde. Kí oṣù náà tó parí, ọ̀rọ̀ yìí ti gba gbogbo Amẹ́ríkà kan, láìsí WhatsApp, láìsí ẹnikẹ́ni tó ń kọ "ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá".

Ẹ̀fẹ̀ ni LaBour ń ṣe, kò sì fi pa mọ́. Ó sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tí wọ́n pe òun síbi ètò tẹlifíṣàn kan tí lọ́yà F. Lee Bailey ti ń ṣe bí ẹni ń dá ẹjọ́ ọ̀rọ̀ ikú Paul, òun sọ fún Bailey pé òun ló dá ọ̀pọ̀ nínú "ẹ̀rí" yẹn sílẹ̀. Bailey dá a lóhùn pé wákàtí kan ni àwọn ní láti fi kún tẹlifíṣàn, kó ṣáà bá àwọn lọ.

Nígbà tí mò ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ní yunifásítì, a ka iṣẹ́ Gordon Allport àti Leo Postman, tí wọ́n kọ̀wé nípa àhesọ lọ́dún 1947. Ohun tí wọ́n sọ kò le: àhesọ máa ń lágbára níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ká èèyàn lára, tí àlàyé rẹ̀ kò sì yé wọn tó. Ọ̀rọ̀ Paul ká àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà lára. Ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn ti dẹ́kun láti máa rìnrìn àjò kọrin láti ọdún 1966, Paul sì ti lọ jókòó sí oko rẹ̀ ní Scotland, kò yọjú. Fọ́tò náà kò sì sọ nǹkan kan. Kosh, tó ṣètò páálí náà, ò tilẹ̀ kọ orúkọ ẹgbẹ́ tàbí orúkọ àwo síwájú rẹ̀. Ó ní àwọn ni wọ́n lókìkí jù lágbàáyé, kí ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ ṣe? Níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá sí, ojú á máa bá a kọ ọ́.

Jubril àti àlejò Apapa

Bí èyí bá jọ nǹkan tí ẹ ti gbọ́ rí, kò yà mí lẹ́nu. Lọ́dún 2017, Ààrẹ Muhammadu Buhari lo ọ̀pọ̀ oṣù ní London fún ìtọ́jú. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín fọ́tò rẹ̀ kiri pé ó ti kú, pé ọmọ Sudan kan tó ń jẹ́ Jubril ló wà ní Aso Rock. Etí, ìka ọwọ́, ìdúró, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi wé ara wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ààrẹ ní láti dúró níwájú àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Kraków, ní Poland, láti ṣàlàyé pé òun náà ni, kì í ṣe ẹlòmíì. Bákan náà ni àwọn ìtàn méjèèjì ṣe rí: ẹni tó lókìkí lọ kúrò lójú ọ̀pọ̀ èèyàn fúngbà díẹ̀, wọ́n sọ pé ó kú, wọ́n fún ayédèrú rẹ̀ lórúkọ, wọ́n wá ń wá ẹ̀rí nínú fọ́tò. Orúkọ ayédèrú yẹn ṣe pàtàkì. William Campbell, Jubril: bí irọ́ bá ti lórúkọ, ó ti dà bí ẹni tó ní àdírẹ́sì.

Nàìjíríà tún kan ìtàn Paul ní tààrà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1973, ó kó aya rẹ̀ Linda àti Denny Laine wá sí Èkó, wọ́n sì gba púpọ̀ nínú orin àwo Band on the Run sílẹ̀ ní sítúdíò EMI ní Apapa. Àwọn ọlọ́ṣà yọ ọ̀bẹ sí òun àti Linda lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n sì gba téèpù tí orin tuntun wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Fela náà gbé ọ̀rọ̀ dìde pé ó wá jí orin àwọn adúláwọ̀ kó, àfìgbà tí Paul jẹ́ kó gbọ́ ohun tó ti gbà sílẹ̀ kó tó rọlẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní ó kú lọ́dún 1966 rèé, ó ń bá Fela ṣàlàyé ara rẹ̀ l'Ékòó.

Ìròyìn tí wọn ò rí

Ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 1969, ìwé ìròyìn Life rán àwọn oníròyìn lọ sí oko Paul ní Scotland. Ó bínú sí wọn, ó da omi sí wọn lára, kó tó wá rò ó pé fọ́tò ìbínú yẹn ló máa jáde, ló bá gbà láti bá wọn sọ̀rọ̀ kó lè gba fíìmù náà padà. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kọkànlá, òun àti ìdílé rẹ̀ ló wà níwájú ìwé náà, ẹ̀rí pé ó wà láàyè. Àwọn èèyàn ra ìwé yẹn torí bàtà, sìgá àti nọ́ḿbà ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan náà, Paul sọ ọ́ gbangba pé ọ̀rọ̀ The Beatles ti parí. Kò sí oníròyìn tó gbé e.

Òótọ́ sì ni. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹjọ, ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn fọ́tò orí títì yẹn, ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ wà nínú sítúdíò gbẹ̀yìn. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ mẹ́fà kí àwo tó jáde, Lennon ti sọ fún àwọn yòókù pé òun ń lọ. Oṣù Kẹrin ọdún 1970 ni aráyé tó gbọ́. Ẹgbẹ́ náà ló ń kú níṣojú gbogbo wọn, àwọn èèyàn sì ń fi awò wo ẹsẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo.

Paul padà fi gbogbo rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dún 1993. Ó gbé àwo kan jáde tó pè ní Paul Is Live, Macmillan kan náà ló ya fọ́tò rẹ̀ lórí sẹ́bírà kan náà, òun àti ajá rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí nọ́ḿbà ọkọ̀ nínú rẹ̀ ni 51 IS, torí pé ẹni 51 ọdún ni.

Ẹnìkan tilẹ̀ ti yí fọ́tò Abbey Road padà lóòótọ́, tí kì í ṣe tìtorí ẹ̀fẹ̀. Lọ́dún 2003, àwọn iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń tẹ fọ́tò náà sórí pósítà fi kọ̀ǹpútà yọ sìgá kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún Paul láìgba àṣẹ, torí pé wọn kò fẹ́ ṣe ìpolówó sìgá. Bí ẹ bá ní pósítà náà nílé, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Bí sìgá kò bá sí láàárín ìka rẹ̀, ayédèrú fọ́tò lẹ gbé kọ́ ògiri.